Ọmọ tó ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìdáhùn mi sí ìyá kan ní Oǹdó

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Oǹdó. Ó ní: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ti wà lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Kò ju ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lọ nígbà tí ọmọbìnrin mi sá nítorí lílù tí ọkọ rẹ̀ ń lù ú, tó sì fi í sílẹ̀ ní Èkó. Bàbá rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ alábàágbé kan, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, kí n tó lọ mú un. Kò sí ọjọ́ tí kì í jẹun yó lọ́dọ̀ mi, síbẹ̀ ó ń fi búrẹ́dì àti ẹran pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí èèrà fi ń bò wá mọ́lẹ̀. Ó ń purọ́ lórí ohun tí ojú mi rí kòrókòró. Ó ń lu àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí mo bá nà án, kì í sunkún, ńṣe ló máa ń wò mí. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, kódà ẹni tí kò rí rí, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn báyìí, ó ń pè lórí fóònù, ó ń ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Wòlíì wa ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú, tíṣà rẹ̀ ní olóríkunkun ni, ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kí n dá a padà fún wọn. Ọmọ ọwọ́ ló wà nígbà tí nǹkan wọ̀nyẹn ṣẹlẹ̀, kò lè rántí wọn. Kí ló ṣe é? Ṣé ó sì ti pẹ́ jù?”

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú àfaradà. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò. Ìbéèrè tí ẹ bi mí pọ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń kà á ni mo ń rí i pé ẹyọ kan ló wà nídìí gbogbo wọn: ṣé ọmọ yìí ni kò dára, àbí nǹkan kan ló ṣe é? Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ níbí ní Àkúrẹ́, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń mú wá bá mi. N kò tíì fojú kan ọmọ yín, nítorí náà n kò ní pe orúkọ àìsàn kankan lé e lórí láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ tò kalẹ̀ yẹn, búrẹ́dì, irọ́, ìjà, ojú gbígbẹ lábẹ́ ẹgba, àti sísáré bá àlejò, mo ti rí wọn pọ̀ lára ọmọ kan náà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè pè wọ́n ní ìwà búburú márùn-ún. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, tí ọmọ náà kọ́ kó tó mọ̀rọ̀ sọ, tó sì ń lò títí di òní nítorí pé òun ló gbà á là níbi tó ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti sọ pé kò lè rántí. Òótọ́ ni pé bí ẹ bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Èkó, kò ní rí ìtàn kankan sọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kí a tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìrántí kò mọ sí ti ẹnu nìkan. Ẹ wo ọmọ tí ògì gbígbóná dà sí lápá nígbà tó ṣì ń rá. Bó bá dàgbà, kò ní mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ bí ó bá rí ife tó ń rú ooru, apá rẹ̀ yóò sún sẹ́yìn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ ìdí. Ara ló rántí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìfẹ́ àti ti ìbẹ̀rù. Ọmọ ọwọ́ tó sunkún, tí ẹnìkan sì gbé e, tó fún un lọ́yàn, tó pọ̀n ọ́n, tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ń kọ́ nǹkan kan lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́: pé bí ara bá ń ni mí, mo lè ké, ẹnìkan yóò wá, ara yóò sì tù mí. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni sùúrù, ìgbọràn àti àánú ti ń hù tó bá yá. Ọmọ tó sunkún tí ẹnikẹ́ni kò wá, tàbí tó jẹ́ pé ẹni tó wá ni ẹni tó ń pariwo, tó ń lu ìyá rẹ̀, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni pé ẹkún kò wúlò, pé àgbàlagbà kò ṣeé fẹ̀yìn tì, àti pé kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ilé mẹ́ta ni ọmọ yín ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kó tó dé ilé yín.

Nínú ọpọlọ gbogbo wa, ibì kan wà tó dà bí ọdẹ àdúgbò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ ewu. Bó bá rí i, yóò fọn fèrè, ara yóò sì tú àwọn oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní adrenaline àti cortisol. Àyà yóò máa lù kìkì, iṣan yóò le, ọmọ yóò sì múra láti jà, láti sá, tàbí láti dúró gbagidi bí igi. Nǹkan ire ni, òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ ejò àti ọkọ̀. Bí ewu bá ti kọjá, tí àgbàlagbà kan gbá ọmọ mọ́ra, oje náà yóò lọ sílẹ̀. Ìṣòro wà ní ilé tí ewu kì í ti í kọjá. Níbẹ̀, ọdẹ kì í sùn mọ́. Ó ti fọn fèrè lálaalẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí eku tó sáré kọjá lórí páànù ti di olè létí rẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ, tó yẹ kó dá ọdẹ yìí lẹ́kun, tó ń wọn ọ̀rọ̀ wò, tó ń sọ pé “dúró ná”, ni ó máa ń gbó kẹ́yìn. Kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ọmọ ogún ọdún, ìpayà tó pẹ́ lára ọmọ kékeré a sì tún máa dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ṣèèṣì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ọmọ yín lórí ìlà, ó ti gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kí apá tó ń ronú tó jí. Tíṣà yóò bi í pé kí ló dé tó fi lù ú, yóò sì dákẹ́. Wọ́n á ní agídí ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an kò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé gbogbo ìpayà ló rí báyìí. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìpayà ọjọ́ kan, bí èyí tó dé bá Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa níbí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, àti ìpayà ojoojúmọ́ nínú ilé. Ti Ọ̀wọ̀ burú kọjá sísọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó rí i lè padà sílé sọ́dọ̀ ìyá tó ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ti inú ilé, ẹni tó yẹ kó tu ọmọ nínú ni ẹni tó ń dẹ́rù bà á, ọmọ náà kò sì ní ibòmíràn tí yóò sá sí. Èyí ni mo rí i pé ó máa ń wọ ọmọ lára jù.

Mo rántí ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí àǹtí rẹ̀ mú wá bá mi láti Ìjọ̀kà. Nínú yàrá tí mo ti ń rí àwọn ọmọ, tábìlì kan wà, àga kékeré mẹ́rin, àti àpótí ohun ìṣeré tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sáré lọ bá. Òun kò wo àpótí. Ó wo yàrá náà yíká, ó fa àga kan lọ sí kọ̀rọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó ilẹ̀kùn àti fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. A ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn pa, gbàgà! Kí n tó yíjú, ọmọ ti wà lábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, kò gbin. Inú bí àǹtí rẹ̀, ó ní, “Ẹ ò rí i? Bó ṣe máa ń ṣe bíi wèrè nìyẹn.” Èmi kò rí wèrè níbẹ̀ o. Mo rí ọmọ tó mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé ilẹ̀kùn gbígbá nílé tó ti wá, tó sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà kò ti lè tó o.

Ẹ wá fi ojú yìí wo tiyín. Ọmọ tó ti mọ̀ pé jíjẹ òní kò ní kí ti ọ̀la má wọ́n, kò lè torí pé ìkòkò yín kún lónìí kó gbà pé yóò kún lọ́la. Oṣù mẹ́rìnlá pẹ́ lójú yín, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́fà ọjọ́ ayé rẹ̀ ni. Kì í ṣe olè ló ń jà, àká ló ń kó oúnjẹ sí. Irọ́ rẹ̀ náà, tó ń pa lójú ẹni tó rí i, kò jọ irọ́ ẹlẹ́tàn, nítorí ẹlẹ́tàn a máa wá irọ́ tí ènìyàn lè gbà gbọ́. Ó dà bí ọwọ́ tí ènìyàn ń nà sókè láti fi bo orí nígbà tó bá rí i pé igi ń bọ̀; ẹnu rẹ̀ ti sọ pé “èmi kọ́” kó tó rò ó. Ní ti ẹkún tí kì í sun, òun ló bà mí nínú jẹ́ jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ má gbà pé ẹgba kò dùn ún. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fà sínú bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn, nítorí pé níbòmíràn, ẹkún rẹ̀ ni wọ́n fi ń bu kún ìyà rẹ̀ tàbí kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ yíjú. Àwọn àlejò tí ọmọ yín ń lọ jókòó lé lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín, pé ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ rẹ̀ kò rí irú ìdìmọ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Ọmọ tí wọ́n ti gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́ a máa rò pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè jẹ́ ẹni tó kàn láti mú òun lọ, ó sì ti ń tún ojú ibẹ̀ ṣe sílẹ̀. Èyí kan ni kí ẹ fi ìṣọ́ra sí gan-an, nítorí àwọn tó ń wá ọmọ bà jẹ́ mọ irú ọmọ tó rọrùn láti fà.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. A máa ń bí àwọn ọmọ kan pẹ̀lú ara tó tètè ń ta gìrì ju ti ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, irú ara bẹ́ẹ̀ sì lè ti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá wá. Ṣùgbọ́n ara lásán ni ẹ̀jẹ̀ ń fúnni, ilé ni yóò kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi ṣe. Bàbá rẹ̀ pàápàá, a kò mọ irú ilé tí òun náà ti dàgbà. Ní ti wòlíì, èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí àdúrà. Ẹ gbà á fún un, ẹ sì jẹ́ kó máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu yín lálẹ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbà ni pàṣán, ìdè, ata lójú, ààwẹ̀, tàbí kí wọ́n dá a dúró níwájú ìjọ kí wọ́n ní ẹ̀mí kan ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó ń fi búrẹ́dì pamọ́ nítorí ẹ̀rù ebi, a wá ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó ti ń fura tẹ́lẹ̀ pé nítorí òun burú ni wọ́n ṣe ń lé òun láti ilé dé ilé, bí àgbàlagbà bá tún fi orúkọ ẹ̀mí lé e, yóò gbà á gbọ́, yóò sì máa hùwà bí orúkọ náà.

Ṣé ó ti pẹ́ jù? Rárá. Àmọ́ n kò ní sọ pé àkókò kò já mọ́ nǹkan. Nígbà tí ìjọba Nicolae Ceaușescu, apàṣẹwàá tó ń darí orílẹ̀-èdè Rumania ní Yúróòpù, wó ní 1989, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n bá nínú ilé àwọn ọmọ tí kò lóbìí, tí wọ́n ń bọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó ń gbé wọn mọ́ra. Lẹ́yìn ọdún 2000, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, tẹ̀ lé ọmọ 136 ní Bucharest, olú ìlú Rumania. Wọ́n kó ìdajì wọn sínú ìdílé alágbàtọ́, ìdajì yòókù sì wà lábẹ́ ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó dé inú ìdílé sàn ju àwọn tó kù lọ, àwọn tó sì débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ló sàn jù, pàápàá ní mímọ ẹni tó jẹ́ tiwọn. Ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ dín lára àwọn ọmọ alágbàtọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àìlèjókòó jẹ́ẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé ẹ̀yin lẹ kùnà bí ọmọ bá ti ń rẹ́rìn-ín, tó ń sùn dáadáa, tí tíṣà sì ṣì ń sọ pé kì í dúró lójú kan.

Ìwádìí kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹni bíi tiyín wà nínú rẹ̀. Onímọ̀ kan, Emmy Werner, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọmọ 698 tí wọ́n bí ní erékùṣù Kauai ní Hawaii ní 1955, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi di àgbàlagbà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló dàgbà nínú òṣì, ìjà àti ọtí. Síbẹ̀, nínú àwọn wọ̀nyí, ẹnìkan nínú mẹ́ta di ènìyàn gidi, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó mọ ìyọ́nú. Ohun kan tí wọ́n bá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé, bí bàbá àti ìyá kò tilẹ̀ ṣe é gbára lé, ẹnìkan wà tó dì wọ́n mú láti kékeré, ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà lọ́pọ̀ ìgbà. A máa ń sọ pé ẹnìkan ní í bíni, igba ènìyàn ní í tọ́ni. Ọmọ yín ti rí ọwọ́ púpọ̀, kò tíì rí ẹnìkan tó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo bẹ̀ yín pé bí ẹnikẹ́ni bá ka ìyà tí ọmọ jẹ ní méní méjì fún yín, tó ní ìwádìí kan fi hàn pé iye báyìí ni yóò sọ ọ́ di ọ̀mùtí tàbí olókùnrùn, kí ẹ má gbà á bí ẹni gba àsọtẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí àwọn dókítà méjì, Vincent Felitti àti Robert Anda, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn lóòótọ́ pé bí ìpọ́njú ìgbà èwe bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ń pọ̀ sí lára àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni, kò lè sọ ti orí ọmọ kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹgba báyìí. Mo mọ̀ pé ẹgba ni wọ́n fi tọ́ èmi àti ẹ̀yin, a sì yè. Ẹ̀yin nìkan sì kọ́: nínú ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú UNICEF ní 2014, mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá ló ti rí irú ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Àwọn àgbà tó ní kí a fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi òsì fà á mọ́ra, ọmọ tó ti mọ ọwọ́ òsì dáadáa ni wọ́n ń sọ. Ọmọ tiyín kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ti ń rí láti ọjọ́ yìí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì nà án, ńṣe lẹ ń fi ẹ̀rí kún ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ nípa àgbàlagbà. Nígbà tó bá ń wò yín lábẹ́ ẹgba yẹn, ó ń wò ó bóyá ẹ̀yin náà yóò lé òun. Mo fẹ́ kí ẹ fi pàṣán sílẹ̀ pátápátá fún ọmọ yìí. N kò sọ pé kí ẹ kẹ́ ẹ bàjẹ́. Bó bá ya ìwé ọmọ ẹlòmíràn, kó jókòó tì yín kí ẹ jọ lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì jọ lọ bẹ ọmọ náà. Kí ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ní àtúnṣe, kò sì tún mú kí wọ́n léni nílé.

Dídá a padà fún àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ni yóò jẹ́ ilé karùn-ún. Mi ò rò pé ó yẹ, àyàfi bí agbára yín bá ti tán gan-an, bó bá sì dé bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ti ń wá kí i tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi oṣù mélòó kan múra rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà kò tíì kàn án. Ní ti ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣèlérí, òun náà sì jẹ ìyà tirẹ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó máa pè ní àkókò kan náà, kó bi í léèrè ohun tó jẹ àti ohun tó kọ́, kó má sì sọ pé òun ń bọ̀. Bó bá máa wá, ẹ má sọ fún ọmọ títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì. Ìpè kúkúrú tí kì í yẹ̀ sàn fún un ju ìlérí ńlá lọ.

Nínú ilé, ẹ ra ike kan tó ní ọmọrí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ fi bisikíìtì, ẹ̀pà tàbí búrẹ́dì gbígbẹ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Lálaalẹ́, ẹ kún un lójú rẹ̀, láìwí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán lóru, ẹ tún kún un. Mo ti rí ìdílé tó fi oṣù márùn-ún ṣe é kí ọmọ tó gbàgbé ike náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oorun máa jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì sọ fún un láàárọ̀ ohun tí ọjọ́ náà yóò jẹ́, nítorí ohun àìròtẹ́lẹ̀, kódà tó bá dára, ń jí ọdẹ yẹn sílẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bi í ní ìbéèrè lójú ẹsẹ̀. Ẹ jókòó nítòsí, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ fún un lómi mu. Bí èémí rẹ̀ bá ti walẹ̀, ẹ bá a pe orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀: “Ẹ̀rù bà ọ́.” “Ojú tì ọ́.” “Inú ń bí ọ torí pé wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín.” Ẹ ó rí i pé kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ìbínú nìkan ló mọ̀, torí pé òun nìkan ni wọ́n ti fi hàn án. Bí ilé yín bá ní oríkì tí wọ́n fi ń ki ọmọ, ẹ máa ki òun náà láàárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lórí. Kó mọ̀ pé ìdílé kan wà tó ní òun. Ẹ tún lọ rí tíṣà rẹ̀, kì í ṣe láti bá a jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún ọmọ ní àga tó fẹ̀yìn ti ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kó sì máa rán an níṣẹ́ kékeré bó bá rí i pé ara rẹ̀ ti ń gbóná.

Nǹkan kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú, kí ọkàn yín má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà yín gbọ́, ó lè kọ́kọ́ burú sí i, ó ń dán yín wò bóyá ẹ ó lé e. Ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ń bá mi bọ̀ nígbà tí àǹtí rẹ̀ pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ọmọ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ bó díẹ̀, ló bá ké, ló bá sáré wá wé mọ́ òun lẹ́sẹ̀, kò sì jẹ́ kí òun ráyè ro ọbẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, kì í sunkún tẹ́lẹ̀ o. Ṣé kò ti ń bàjẹ́ sí i báyìí?” Mo sọ fún un pé kó pa iná ọbẹ̀ náà kó gbé ọmọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbà pé ẹkún òun lè pe ènìyàn wá. Ó ti wọ ilé ìwé girama báyìí, ó ń ṣe dáadáa, ó sì ṣì máa ń wo ilẹ̀kùn kó tó jókòó. Bóyá yóò máa wò ó títí lọ, n kò mọ̀.

Ẹ̀yin náà, ìyá mi, ẹ má fi ara yín ṣòfò. Ọdẹ inú ọmọ ń gbọ́ ọdẹ inú àgbà: bí àyà yín bá ń lù, tirẹ̀ yóò lù. Ẹ wá ẹnìkan, aládùúgbò kan tí ọmọ mọ̀, tí yóò máa bá yín wò ó fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ lè sùn, kẹ́ ẹ sì lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

Kí a tó ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìpọ́njú, ẹ jẹ́ kí dókítà ọmọdé yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí olóríkunkun tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn, mo sì ti rí ọmọ tí wọ́n ní ó ń gbójú sọ́nà tó jẹ́ pé gìrì tí kì í gbéni ṣubú ló ń ṣe é. Etí, ojú, ẹ̀jẹ̀, aràn inú, kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED, ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ìpínlẹ̀ wa, wà nítòsí yín ní Oǹdó. Àwọn oníṣègùn tó kọ́ nípa ọpọlọ ọmọdé kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ tí wọ́n sì ń ṣe é. Bó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tó ń sọ̀rọ̀ ikú, tó ń fi iná ṣeré, tàbí tó ń ṣe ohun tó jọ ìbálòpọ̀ àgbàlagbà pẹ̀lú àwọn ọmọ mìíràn, ẹ má dúró de ìwé mi, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá fẹ́ mú un wá bá mi ní Àkúrẹ́, ẹ máa bọ̀. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání bó bá wà, àti ìwé tó ń kọ nílé ìwé. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ rí nọ́ọ̀sì kan, pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ń lọ, pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ wọ ọkọ̀ padà sí Oǹdó, kí ẹ sì jẹ ẹ̀bà ní ilé lálẹ́. Ẹ tún un sọ láàárọ̀. Inú àpò pélébé ni kí ẹ kó àwọn ìwé náà sí. Ẹ má gbé báàgì ńlá, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n ti gbé báàgì wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò padà sí ilé tó ti jáde.